Aṣọ Àárín: Bí Àṣàyàn Aṣọ Díẹ̀ Ṣe Ń Ti Ìgbà Kan Bọ́ sí Òmíràn

Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n tàbí ogójì lọ, tí ó sì ti ṣa gbogbo wọn kí wọ́n lè máa bá ara wọn mu, ni ó ní ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní capsule wardrobe. Susie Faux, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní London ní àwọn ọdún 1970, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ èrò yìí. Ní ọdún 1985, Donna Karan gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú aṣọ méje péré tí obìnrin lè máa tò pọ̀ mọ́ra wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Bí a ṣe ń kó irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ jọ ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, nítorí náà a ó fò ó. Ohun tí a kì í sábà ṣàlàyé yékéyéké ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà: báwo ni aṣọ díẹ̀ tí a ṣà fún ooru ṣe ń di aṣọ díẹ̀ tí a lè fi kojú òtútù, láìjẹ́ pé a tún ra ẹrù kejì?

Èrò tí ó gbilẹ̀ jù nípa rẹ̀, tí ó sì ń bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nínú, ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é. Wọn a gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn a kó ti ooru sínú rẹ̀, wọn a kó ti òtútù jáde, ó parí. Ìlànà kan tí ó gbajúmọ̀ tilẹ̀ dá kún èrò náà. Ní ọdún 2010, Courtney Carver bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó pè ní Project 333 ní Amẹ́ríkà, níbi tí ènìyàn yóò ti fi ohun wíwọ̀ 33 lo oṣù mẹ́ta, tòun ti bàtà, ohun ọ̀ṣọ́ àti kóòtù nínú iye náà. Iye yẹn dára fún ẹni tí kò mọ ìgbà tí aṣọ rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ó ń fi dandan mú un láti yàn. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò pé ògiri ni ó wà láàárín oṣù mẹ́ta kan àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìgbà ò lọ bí òréré: òwúrọ̀ lè tutù kí ọ̀sán móoru, òtútù lè dé fún ọjọ́ mẹ́rin kí ó tún padà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ti kó gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ rẹ̀ pamọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù yóò máa làágùn nínú súwẹ́tà nínípọn títí tí yóò fi jáde lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni aṣọ díẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ púpọ̀.

Ìṣirò ni ó máa ń fi hàn ìdí tí pípààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fi ń ba nǹkan jẹ́. Agbára àṣàyàn aṣọ wà nínú iye ọ̀nà tí àwọn aṣọ náà lè gbà pàdé ara wọn. Ẹ̀wù òkè 8 àti ti ìsàlẹ̀ 5, bí gbogbo wọn bá bá ara wọn mu, yóò fún ni ní ìmúra 40. Bí a bá fi aṣọ àárín 3 kún un, ìyẹn kádígánì, jákẹ́ẹ̀tì tí kò nípọn àti súwẹ́tà fẹ́lẹ́, ìmúra kọ̀ọ̀kan nínú 40 yẹn di mẹ́rin, nítorí a lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kí a fi ọ̀kan nínú mẹ́ta náà lé e, gbogbo rẹ̀ sì di 160. Aṣọ 3 péré ni ó wọlé, ìmúra 120 ni ó bí. Ẹ wá wo òdì kejì: ká ní a kó 5 kúrò nínú ẹ̀wù òkè 8 yẹn, tí a fi ẹ̀wù òtútù 5 rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ àwọn tuntun náà bá 2 péré mu nínú ti ìsàlẹ̀ 5. Ẹ̀wù àtijọ́ 3 yóò fún ni ní ìmúra 15, àwọn tuntun yóò fún ni ní 10. Iye aṣọ kò yí padà, síbẹ̀ 40 ti di 25. Ẹni náà yóò dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, yóò ní òun kò rí aṣọ wọ̀, kò sì parọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá wà lórí pápá, òfin sì gbà á láyè nínú ọ̀pọ̀ ìdíje láti pààrọ̀ márùn-ún nínú wọn, síbẹ̀ kì í sábà yọ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Atamátàsé tí ó ti rẹ̀ ni ó ń yọ, ó ń fi ẹlòmíràn sí i, ó sì ń fi àwọn tó wà ní àárín sílẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ti ẹ̀yìn dé iwájú. Nínú àṣàyàn aṣọ, atamátàsé ni gáwùn ọ̀gbọ̀ tí gbogbo ojú ń wò nígbà ooru, òun náà ni kóòtù ńlá tí gbogbo ojú ń wò nígbà òtútù: wọ́n ń gbá góòlù wọlé, ṣùgbọ́n ìgbà tiwọn nìkan ni. Aṣọ́lé ni ṣòkòtò jíǹsì tàbí ṣòkòtò dúdú tí kì í kúrò lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Àárín ni kádígánì wà, tí ẹnikẹ́ni kì í yìn, tí ó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ooru, tí ó ń gbé e fún kóòtù. Ẹgbẹ́ tí ó kún fún atamátàsé nìkan kì í pẹ́ fìdí rẹmi. Bí owó kan bá wà tí ènìyàn fẹ́ ná lé aṣọ gidi kan, aṣọ àárín ni ó yẹ kí ó ná an lé, nítorí òun ni yóò wọ̀ jù lọ́dún.

Iṣẹ́ tí aṣọ àárín ń ṣe kò hàn sí ojú lásán, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. Aṣọ kì í dá ooru sílẹ̀. Ara ènìyàn ni ó ń dá ooru sílẹ̀, nǹkan bí 100 watt nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Aṣọ kàn ń fà á sẹ́yìn kí ó má tètè sá lọ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín fọ́nrán àti fọ́nrán, àti sáàárín aṣọ kan àti èkejì, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1941, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Gagge, Burton àti Bazett, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún un tí wọ́n pè ní clo. Clo kan ni ìwọ̀n aṣọ tí yóò jẹ́ kí ara tu ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá tí ó wà ní 21°C, tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Ẹwà òṣùwọ̀n yìí ni pé a lè ro ti aṣọ kan mọ́ ti èkejì. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkurú jẹ́ nǹkan bí 0.19, ṣòkòtò fẹ́lẹ́ 0.15, ṣòkòtò nínípọn 0.24, súwẹ́tà fẹ́lẹ́ alápá gígùn 0.25, súwẹ́tà nínípọn 0.36.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye wọ̀nyí dán èrò pípààrọ̀ wò. Ẹni tí ó bọ́ ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tí ó sì wọ nínípọn jèrè 0.09. Ẹni tí kò pààrọ̀ ohunkóhun, tí ó kàn fi súwẹ́tà fẹ́lẹ́ lé ṣẹ́ẹ̀tì ooru rẹ̀, jèrè 0.25. Fún ẹni tó jókòó nínú ilé, 0.1 clo ń dí ìyípadà ojú ọjọ́ tí ó tó nǹkan bí 0.6°C, nítorí náà ṣòkòtò tuntun ra nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n kan, súwẹ́tà ra ìwọ̀n kan àti ààbọ̀, a sì lè bọ́ súwẹ́tà ní ọ̀sán nígbà tí a kò lè bọ́ ṣòkòtò. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyí: aṣọ tí a lè wọ̀ kí a sì bọ́ láàárín ọjọ́ kan ń kojú ojú ọjọ́ méjì. Aṣọ nínípọn kan ṣoṣo, bó ti wù kó dára tó, ojú ọjọ́ kan ni ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ àyè. Bí aṣọ òde bá fún mọ́ aṣọ inú, yóò tẹ afẹ́fẹ́ náà jáde, aṣọ méjì yóò sì máa ṣe iṣẹ́ tí kò tó ti méjì. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le. A ó wọ súwẹ́tà tó nípọn jù, a ó gbé kóòtù lé e, a ó dè bọ́tìnnì rẹ̀, a ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé páálí nílẹ̀. Bí ẹ̀yìn kóòtù bá fà, tí apá súwẹ́tà sì ká jọ sí abẹ́ apá, kóòtù náà kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bá ara mu régírégí ní ṣọ́ọ̀bù lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan. Irú fọ́nrán náà ṣe pàtàkì. Irun àgùntàn lè fa ọ̀rinrin tí ó tó nǹkan bí 30% ìwúwo rẹ̀ sínú kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, ìdí nìyẹn tí súwẹ́tà fẹ́lẹ́ tí a fi merino, irú irun àgùntàn kan tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín, hun fi lè wà lórí pápá nínú ooru àti nínú òtútù, tí òwú nínípọn tí òógùn ti rin kò sì lè bá a dọ́gba.

Bí a bá ti wá mọ èyí, ètò àwọn ọ̀sẹ̀ àárín yé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohunkóhun kì í jáde. Aṣọ àárín ni ó kọ́kọ́ ń wọlé. Ohun tí ó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò ni èyí tí kò lè gba aṣọ mìíràn sórí tàbí sábẹ́: ṣòkòtò péńpé, sálúbàtà. Gáwùn aláìlápá kò tíì yẹ ní kíkó, nítorí ó lè gba ẹ̀wù alápá gígùn sábẹ́, ó sì lè lo oṣù kan sí i. Tí a bá ń ti òtútù bọ́ sí ooru, ọ̀nà náà kò rí bákan náà, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ìlànà gbàgbé. Níbẹ̀, bíbọ́ ni a ń bọ́ aṣọ òde, ẹ̀wù tó wà nísàlẹ̀ súwẹ́tà ni ó sì ń di ẹni iwájú. Ẹ̀wù tí a yàn nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò rí i yóò tú wa fó. Nítorí náà, ìgbà òtútù ni a ti ń yan aṣọ ooru, kí aṣọ inú kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó lè dá dúró.

Kíkó pamọ́ ni ìpele tó kù, àṣìṣe kan sì ni ó ń ba aṣọ jẹ́ jù níbẹ̀: kíkó aṣọ tí ó dà bíi pé ó mọ́. Òógùn àti ọ̀rá ara tí ojú kò rí lónìí yóò pọ́n rúsúrúsú ní ọrùn àti abẹ́ apá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nínú òkùnkùn, wọn yóò sì pe kòkòrò. Àfòpiná kékeré aláwọ̀ wúrà tó ń fò nínú yàrá kò jẹ aṣọ ẹnikẹ́ni, nítorí àgbà rẹ̀ kì í jẹun rárá. Ìdin rẹ̀ ni ó ń jẹ irun àgùntàn àti ìyẹ́. Bí a bá tẹ́ súwẹ́tà tí ìdin náà ti jẹ sí abẹ́ ìmọ́lẹ̀, a ó rí ihò tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, àti ìgbẹ́ kóńkó bí iyanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti súwẹ́tà fúnra rẹ̀, nítorí aró tó wà nínú ohun tí ó jẹ kò yí padà. Igi kédárì olóòórùn dídùn kò tó láti pa á. Fífọ̀ ń ṣiṣẹ́; ọ̀sẹ̀ méjì nínú fìríìsà ní -18°C, nínú àpò ọ̀rá tí a dì pa, náà ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí omi gbígbóná yóò bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, kíká ni ti súwẹ́tà, nítorí ìwúwo rẹ̀ lórí hángà yóò fà á gùn ní èjìká.

Kóòtù ni ó ń wọlé kẹ́yìn, òun náà ló sì ń jáde kẹ́yìn. A ó fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi kọjá tí ẹnikẹ́ni kò nawọ́ mú un. Nígbà náà ni a ó tú àwọn àpò rẹ̀, a ó gbọn èérún inú wọn dànù, a ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí ó gbẹ dé inú aṣọ ìtẹ́nú rẹ̀, a ó de bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ kí ọrùn rẹ̀ má wọ́, a ó sì gbé e kọ́ sínú àpò òwú tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá.