Kásẹ́ẹ̀tì Inú Mọ́tò: Bí Ringo Starr Ṣe Lọ Kọrin Kọ́ńtìrì ní Nashville

Inú mọ́tò ni ọ̀rọ̀ Beaucoups of Blues, àwo orin kọ́ńtìrì tí Ringo Starr ṣe, ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, onígìtá kan láti Nashville, ìlú orin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Pete Drake wọkọ̀ òfurufú dé London. George Harrison, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Beatles ti England, ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun ta gìtá sí àwo All Things Must Pass. Ringo Starr, onílù Beatles, wà lára àwọn tó ń lùlù sí àwo náà, mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n sì fi lọ gbé àlejò. Bí Drake ṣe wọlé jókòó, ojú rẹ̀ bọ́ sára àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú mọ́tò. Orin kọ́ńtìrì ni. Orin ìlú rẹ̀, nínú mọ́tò onílù tí ayé mọ̀ mọ Beatles! Ó yà á lẹ́nu, ó sì bi Ringo léèrè. Ringo ní òun fẹ́ràn orin náà gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa gìtá tí Drake ń ta, nítorí òun ló gba iwájú nínú àwo tí mò ń wí. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, ẹni tó ń ta á á jókòó tì í. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì mú irin dídán kan tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí okùn, ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀, orúnkún pàápàá ń ti nǹkan sọ́tùn-ún sósì. Gìtá Hawaii ni àwọn onijùjú wa ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Dèmọ́lá Adépọ̀jù lẹ́yìn Sunny Adé nínú àwo Juju Music ọdún 1982 mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń fà, bí ẹni ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Drake wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù ní Nashville. Òun ló ta á sí Stand by Your Man tí Tammy Wynette kọ, òun náà ló ta á sí Lay Lady Lay ti Bob Dylan.

Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ṣe ni Ringo kàn lọ ṣeré lọ́wọ́ ọ̀hún, pé Beatles ti tú ká, kò sì rí nǹkan mìíràn ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ìfẹ́ yẹn ti wà kí Beatles tó wà.

Ní Dingle, ní Liverpool, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1940, Richard Starkey sì lorúkọ rẹ̀. Ìlú etíkun ni Liverpool. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ń lọ Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá sì ń bọ̀, àwo orin wà nínú ẹrù wọn. Báyìí ni orin àwọn darandaran òkè òkun ṣe di orin ilé ọtí ní Liverpool, tó fi jẹ́ pé kò sí ìlú mìíràn ní England tí orin kọ́ńtìrì ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni wọ́n fi tọ́ Richard. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí inú rẹ̀ wú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ikọ́ ẹ̀gbẹ tún mú un ní ọmọ ọdún 13, ibi tó ti ń gba ìtọ́jú ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní ìlù lù. Bó ṣe di ọ̀dọ́, ó kọ̀wé sí Houston ní Texas pé òun fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni Lightnin' Hopkins, olórin blues tó fẹ́ràn, ń gbé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kó kún ló pọ̀ jù tó fi jáwọ́. Nígbà tó sì yan orúkọ orí ìtàgé, òrùka tó máa ń kó sọ́wọ́ ló ti yọ Ringo, ó sì tún wù ú pé ó dún bí orúkọ kọ́bọ́ọ̀ì.

Nínú Beatles gan-an, bí wọ́n bá ní kó kọ orin kan, ẹ tẹ́tí sí irú orin tó máa ń mú. Ní 1965, Act Naturally ni, orin tí Buck Owens, olórin kọ́ńtìrì, fi gbòde ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ní 1968, Don't Pass Me By tó kọ fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú gòjé tó ń yí kiri lábẹ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Drake ní kó wá ṣe àwo kan ní Nashville, ìfẹ́ kọ́ ni ìdíwọ́, àkókò ni. Ringo rò pé yóò gbà á ní oṣù púpọ̀, bó ṣe mọ́ àwọn Beatles lára. Drake dá a lóhùn pé ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ṣe Nashville Skyline ti Dylan. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní ìparí oṣù Kẹfà, Ringo ti wà ní stúdíò Music City Recorders. Láàárọ̀, wọ́n á mú orin márùn-ún nínú èyí tí àwọn akọrinsílẹ̀ Nashville kọ. Tó bá dalẹ́, wọ́n á gba márààrún sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo rẹ̀.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Ní Nashville, wọn kì í kọ àmì orin rẹpẹtẹ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sórí bébà: 1, 4, 5, 1. Nọ́ńbà 1 ni kọ́ọ̀dù tí orin fìdí lé, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìyókù. Bí ohùn akọrin kò bá gòkè, wọ́n á kàn fà á wálẹ̀, nọ́ńbà orí bébà kò ní yí, kálukú á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tuntun. Neal Matthews, ọ̀kan nínú àwọn Jordanaires tó máa ń gbe Elvis Presley lẹ́yìn, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀. Charlie McCoy ló mú un tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo ohun èlò orin ní stúdíò. Àwọn méjèèjì wà nínú yàrá yẹn. D.J. Fontana tó ń lùlù fún Elvis ló jókòó sídìí ìlù, Scotty Moore tó ń ta gìtá fún Elvis ló sì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Jerry Reed àti Charlie Daniels, àwọn onígìtá, náà wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: onílù tí gbogbo ayé mọ̀ jùlọ nígbà náà, ó fi ìlù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó dìde dúró níwájú maikirofóònù pẹ̀lú ohùn tí òun gan-an mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè.

Ohùn yẹn ni mo fẹ́ràn. Kò tóbi, kò sì ṣe bí ẹni pé òun tóbi. Àwọn Jordanaires ń gbè é lẹ́yìn bí elégbè ṣe ń gbe ọ̀gá onijùjú tó rẹ̀, gìtá Drake ń dáhùn ní gbogbo ibi tó bá ti mí. Nínú I Wouldn't Have You Any Other Way, Jeannie Kendal, ọmọ ọdún 15, ló bá a kọ ọ́, ohùn ọmọbìnrin náà sì gbé tirẹ̀ sókè rọra. Orin tó kẹ́yìn, Silent Homecoming, ni ti ọmọ ogun tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, Ringo sì kọ ọ́ láìsí pé ó ń fagbára mú ni sunkún.

Beaucoups of Blues jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1970. Ipò 65 ló dé lórí àtẹ Billboard tó ń to àwo tó ń tà ní Amẹ́ríkà, 35 lórí ti àwọn oníkọ́ńtìrì, kò tilẹ̀ wọ àtẹ kankan ní Britain. Ìgbà tó jáde ló pa á lára. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ló ti gbé àwo orin àtijọ́ tí ìdílé rẹ̀ fẹ́ràn jáde. Àwọn tó ra ìyẹn kò mọ ohun tí wọn ì bá fi èyí ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ni àwo Harrison dé, ti John Lennon, òun náà ti Beatles, dé ní oṣù Kejìlá, gbogbo etí sì yí sọ́dọ̀ wọn. Ní 1971, It Don't Come Easy sọ Ringo fúnra rẹ̀ di olórin tó ń tà, ilé iṣẹ́ àwo kò sì tún wẹ̀yìn wo Nashville.

Nínú fọ́tò iwájú àwo náà, Ringo wà ní ẹnu ilé pákó kan tí wọ́n ti máa ń yan ẹran, ti olórin Tracy Nelson, nítòsí Nashville. Ọmọ ọdún 30 ni kò tíì pé. Ní oṣù Kíní 2025, ó gbé Look Up jáde, àwo kọ́ńtìrì tí T Bone Burnett bá a ṣe. Ọdún 54 ló wà láàárín méjèèjì. Ní oṣù yẹn, ó padà sí Nashville, ó sì dúró lórí ìtàgé Ryman, gbọ̀ngàn orin kan níbẹ̀, lẹ́ni ọdún 84.