Pípe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́ nílé nítorí aburú tó ṣe lókèèrè

Ká ní iléeṣẹ́ kan fi London ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n tí ibi tó ti ń wa bàbà wà ní Zambia, tí omi olóró láti ibi ìwakùsà náà sì ya wọ odò tí àwọn ará abúlé ń mu, tí wọ́n sì fi ń bomi rin oko. Ibo ni kí wọ́n ti rojọ́? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀ ló yẹ kí a ti gbọ́ ọ. Ọ̀nà kejì ni à ń ṣàlàyé níbí, èyí tí àwọn tí wọ́n jìyà fi ń tọ iléeṣẹ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é lẹ́jọ́ níwájú adájọ́ ibẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó tẹ̀ lójú mọ́lẹ̀ lókèèrè. Ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé fún Ìwà Ọ̀daràn tó wà ní Hague kò lè gbà á ṣe, nítorí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni òfin tó dá a sílẹ̀ gbà á láyè láti dá lẹ́jọ́.

Ìdíwọ́ tó tóbi jù ni pé òfin ka iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹni ọ̀tọ̀, tó lè ní dúkìá, tó lè jẹ gbèsè, tó sì lè ṣẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó wà ní London lè jẹ́ ìyá, kí èyí tó ń wa bàbà ní Zambia sì jẹ́ ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ìyá kì í san gbèsè ọmọ kìkì nítorí pé òun ló ni ín. Ẹni tó bá wá sọ nílé-ẹjọ́ pé “ìwọ lo ni iléeṣẹ́ tó ṣe wá báyìí” kò tíì sọ ohunkóhun tí adájọ́ lè dì mú. Ohun tó gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé ìyá fúnra rẹ̀ ní ojúṣe ìṣọ́ra sí àwọn ará abúlé náà, ìyẹn ni pé òfin ní kó ṣọ́ra kó má baà pa wọ́n lára, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló kùnà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni ẹjọ́ Vedanta, iléeṣẹ́ ìwakùsà kan, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ní 2019. Àwọn ará Zambia 1,826 ló pe iléeṣẹ́ náà àti ọmọ rẹ̀, Konkola Copper Mines, lẹ́jọ́ nítorí omi tó ń jáde láti ibi ìwakùsà Nchanga. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ohun tí a ó wò ni bí ìyá ṣe ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ ọmọ tó: ṣé ó gba àkóso rẹ̀, ṣé ó ń bójú tó o, ṣé ó ń gbà á nímọ̀ràn? Ó tún sọ pé bí ìyá bá kéde fún gbogbo ayé pé òun ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ òun, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ìkéde yẹn lè di ẹ̀rí lòdì sí i. N kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tí iléeṣẹ́ ń kọ sínú ìròyìn ọdọọdún kí àwọn olùdókòwò lè yìn ín ni agbẹjọ́rò olùpẹjọ́ ń fi ìlà sí nídìí.

Ilé-ẹjọ́ kan náà gbà pé Zambia ló bá ẹjọ́ náà mu jù, àmọ́ ó gbà á láyè ní London nítorí pé kò dájú pé àwọn tálákà yẹn lè rí owó àti agbẹjọ́rò tó nírìírí tó fún irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ nílé. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì parí ọ̀rọ̀ náà níta ilé-ẹjọ́, láìsí pé iléeṣẹ́ gba ẹ̀bi.

Bí àwọn adájọ́ bá gba ẹjọ́ wọlé, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé olùpẹjọ́ ti borí. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an nínú ìwé ìròyìn. Ní 2021, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹjọ́ àwọn ará Ogale àti Bille ní ìpínlẹ̀ Rivers, Nàìjíríà, lòdì sí Shell nítorí epo tó dà láti inú páìpù máa lọ, ohun tó sọ kò ju pé ẹjọ́ náà ní nǹkan nínú, àti pé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì í nígbà tó ń wọn ẹ̀rí kí wọ́n tó tú àwọn ìwé inú iléeṣẹ́ síta. Ìwé wọ̀nyẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ta ló fọwọ́ sí owó àtúnṣe páìpù? Ta ló ní kí wọ́n dúró? Ará abúlé kò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ olùjẹ́jọ́ ni ìdáhùn wà.

Ìbéèrè mìíràn ni òfin orílẹ̀-èdè wo ni adájọ́ yóò lò. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfin ibi tí aburú ti ṣẹlẹ̀ ni. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Hague dá Shell Nàìjíríà lẹ́bi ní January 2021 nítorí epo tó dà sí Oruma àti Goi, òfin Nàìjíríà ni àwọn adájọ́ Netherlands náà lò, lẹ́yìn ọdún 13 tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ náà dé. Òfin àjèjì yìí lè pa ẹjọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn iná tó pa èèyàn tó lé ní 250 ní iléeṣẹ́ aránṣọ kan ní Karachi ní 2012, àwọn kan pe KiK, iléeṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Jámánì tó jẹ́ oníbàárà iléeṣẹ́ náà, lẹ́jọ́ ní Dortmund, Jámánì. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ ní àkókò tí òfin Pakistan fi sílẹ̀ láti pẹjọ́ ti kọjá, ó sì parí síbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan láti 1789 (Alien Tort Statute), tó gba àjèjì láyè láti pẹjọ́ níbẹ̀ nítorí ohun tó lòdì sí òfin àgbáyé, ni àwọn agbẹjọ́rò gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti ń gé e kù díẹ̀díẹ̀. Ní 2013 ó ní òfin náà kò dé ọ̀ràn tó wáyé pátápátá lókèèrè. Ní 2018 ó yọ àwọn iléeṣẹ́ àjèjì kúrò. Ní 2021 ó kọ ẹjọ́ tí àwọn ará Mali mẹ́fà pe Nestlé USA àti Cargill, tí wọ́n ní wọ́n fi àwọn ṣẹrú nínú oko kòkó ní Côte d'Ivoire nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, torí pé ìpinnu lásán tí iléeṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà kò tó. Ìyẹn kò ti gbogbo ilẹ̀kùn: ní 2024, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Florida ní kí Chiquita, iléeṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, san mílíọ̀nù 38.3 dọ́là fún ẹbí àwọn tí ẹgbẹ́ ológun kan tó fún lówó pa ní Colombia. Òfin Colombia ni wọ́n gbé e lé.

Ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2017, òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5,000 nílẹ̀ náà, tàbí 10,000 káàkiri ayé, kọ ètò ìṣọ́ra sílẹ̀, kó sì tẹ̀ lé e, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ọmọ àti àwọn tó ń tajà fún un. Bí ó bá kùnà, tí ìkùnà náà sì fa ìpalára, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́. Síbẹ̀, olùpẹjọ́ ló ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìkùnà yẹn gan-an ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.