Ọgbà ẹranko kékeré inú ìlú: ohun tí àlejò ń rí àti bí ara ṣe rọ ẹranko tó

Ọgbà ẹranko kékeré inú ìlú ni zoo tí ilé àti títì ti yí ká, tí ilẹ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan, téèyàn lè rìn ín tán láàárín wákàtí méjì. Ìjọba ìlú ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn míì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tàbí aládàáni. Wàhálà tó wà nídìí irú ọgbà báyìí ni pé ohun tó máa ń dùn mọ́ àlejò, ìyẹn kí ẹranko wà nítòsí, kó wà níta gbangba, kó má ríbi sá pa mọ́ sí, òun náà ló máa ń ni ẹranko lára jù, nígbà tí ilẹ̀ ò sì fẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbà á fún ẹnì kan tí kò ní dun ẹnì kejì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn zoo tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Schönbrunn ní Vienna, 1752 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọba ló sì ni ín nígbà yẹn. Ti London ṣí ní 1828 fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó di 1847 kí ará ìta tó máa sanwó wọlé. Láyé ìgbà yẹn, bí oríṣi ẹranko ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń yangàn, torí náà wọ́n á to kéèjì onírin lọ rẹrẹẹrẹ, ẹranko kan tàbí méjì nínú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi símẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ kó lè rọrùn láti fọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ ọgbà inú ìlú jogún, òmíràn tiẹ̀ ti di ilé ìtàn tí òfin ò jẹ́ kí wọ́n wó.

Ní 1907, Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko, ṣí ọgbà tiẹ̀ ní Stellingen lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hamburg ní Jámánì, ó yọ irin kúrò níwájú ẹranko, ó gbẹ́ yàrà dípò ẹ̀, ó sì dà bíi pé inú igbó ẹ̀ ni kìnnìún jókòó sí. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ ojú àlejò ni wọ́n ṣe é fún, torí àyè tí ẹranko ní lẹ́yìn yàrà lè máà ju ti inú kéèjì lọ.

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ ẹranko ni Heini Hediger, ọmọ Switzerland tó darí ọgbà ẹranko ní Bern, Basel àti Zurich. Ó ní ẹranko kọ̀ọ̀kan ló níbi téèyàn lè sún mọ́ ọn dé kó tó sá, tí kò bá wá sí ibi tó máa sá sí, ó lè kọjú ìjà tàbí kí àyà ẹ̀ máa já ṣáá látàárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí kéèjì téèyàn lè pòòyì ká fi burú, torí ibi yòówù kí ẹranko kẹ̀yìn sí, ojú ń wò ó níbẹ̀. Hediger tún tẹnu mọ́ ọn pé ohun tó wà nínú àyè ṣe pàtàkì ju bí àyè ṣe tóbi tó lọ: igi tí ẹranko lè gùn, ihò, iyanrìn, òkè tó lè ti ibẹ̀ wo ọ̀ọ́kán.

Ohun tí àlejò ń rí

Ìdílé tó ní ọmọ kékeré ló máa ń fẹ́ràn ọgbà kékeré jù, torí kò jìnnà sílé, ẹsẹ̀ ò ní ro ọmọ, àwọn olùtọ́jú ẹranko sì mọ ẹranko wọn lórúkọ lórúkọ, wọ́n sábà máa ń ráyè dáhùn ìbéèrè. Ibi táwọn èèyàn máa ń dúró sí pẹ́ jù ni ibi tí ẹranko bá ti ń rìn, tó ń jẹun tàbí tó ní ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí wọn ò bá ti rí nǹkan kan, wọ́n á yọjú, wọ́n á kọjá lọ.

Àròyé wọn náà ò pọ̀ lóríṣi: kéèjì kan ṣófo, òórùn ń run, ẹranko kan dá wà, kìnnìún kàn sùn sílẹ̀ lásán. Ti kìnnìún yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn rárá. Kódà nínú igbó, kìnnìún lè fi nǹkan bíi wákàtí 20 lójúmọ́ sùn tàbí kó na ara sílẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́, kò ṣàìsàn.

Ohun tó yẹ kó kọ àlejò lóminú gan-an ni èyí tí wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Béárì á máa lọ máa bọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, tó bá dé ìdí òpó á ju orí sẹ́yìn, á yí padà, á tún gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ojú ibi tó gbé e lé tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi máa dán, ọmọdé á ní ó ń jó. Erin á dúró lójú kan, á máa mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Odídẹrẹ́ á fa ìyẹ́ àyà ara ẹ̀ tu títí awọ ẹ̀ á fi hàn, ìyẹ́ orí ẹ̀ nìkan láá gún régé torí àgógó ẹ̀ ò lè débẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé àmì ni èyí jẹ́ pé ibi tí wọ́n fi ẹranko sí ò bá a lára mu, tàbí pé kò bá a lára mu nígbà kan rí, torí àṣà yìí lè má fi í sílẹ̀ kódà tí wọ́n bá gbé e síbi tó dáa. Ní 2003, àwọn olùwádìí méjì, Ros Clubb àti Georgia Mason, tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé láàárín àwọn ẹranko apẹranjẹ, àwọn tó máa ń rìn jìnnà nínú igbó ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù nínú ọgbà, ọmọ wọn ló sì máa ń kú jù. Wọ́n fi béárì orí yìnyín ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní àyè tí zoo sábà ń fún un kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ibi tó kéré jù tó máa ń rìn ká nínú ìgbẹ́.

Ohun tí àlejò ń ṣe fún ẹranko

Èrò tó ń wòran náà wà lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹranko. Nínú ìwádìí kan lórí àwọn ọ̀bọ tó jáde ní 1988, wọ́n rí i pé tí èèyàn bá pọ̀ níwájú wọn, ìjà wọn máa ń pọ̀ sí i, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ irun ara wọn wò mọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní káwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè kéré lójú ọ̀bọ, nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹranko kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ọ̀pọ̀ zoo pa ní 2020, àwọn ẹranko kan fara balẹ̀, àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àwọn míì ń wá ojú èèyàn.

Gbígbá gílásì, ariwo, iná fóònù lójú ẹranko alẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sára ògiri pé ẹ má ṣe. Èyí tó le jù ni oúnjẹ àti nǹkan jíjù. Búrẹ́dì àti bísíkíìtì máa ń sọ ẹranko di ọlọ́ràá, ó ń ba eyín jẹ́, ó sì ń kọ́ wọn láti máa tọrọ. Ní Thailand ní 2017, àwọn dókítà ẹranko ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìjàpá òkun kan tó ń jẹ́ Omsin tó ń gbé nínú adágún kan tí gbogbo ayé lè dé, wọ́n sì kó owó ẹyọ 915 jáde nínú ẹ̀. Àwọn tó gbà gbọ́ pé téèyàn bá ju owó sómi ìjàpá, ẹ̀mí ẹni á gùn, ni wọ́n ń jù ú. Ìjàpá náà kú lóṣù yẹn kan náà.

Òfin àti àtúnṣe

Ìlànà òmìnira márùn-ún tí ọ̀pọ̀ ọgbà ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ló bí i. Ìgbìmọ̀ Brambell, tí ìjọba yàn láti wo bí wọ́n ṣe ń sin ẹran, ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní Britain ní 1965, wọ́n wá kọ ọ́ dáadáa ní 1979: kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹranko, kí ibi tó ń gbé má ni ín lára, kó má jẹ̀rora tàbí kó ṣàìsàn láìrítọ̀ọ́jú, kó má máa gbé nínú ìbẹ̀rù, kó sì lè ṣe bí ẹ̀dá ẹ̀ ṣe ń ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló nira jù fún ọgbà kékeré. Britain ṣòfin ìwé àṣẹ fún zoo ní 1981, ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tiwọn ní 1999.

Àmọ́ òfin nìkan kọ́, àwọn nǹkan tí kò gbówó lórí náà ń ṣiṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 tí Hal Markowitz, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, ti jẹ́ káwọn ọ̀bọ gibbon ní Portland ní Amẹ́ríkà máa ṣiṣẹ́ kí oúnjẹ tó jáde, ó ti di àṣà láti máa fi oúnjẹ pa mọ́ sínú páálí, nínú igi tí wọ́n dá ihò sí, tàbí nínú yìnyín dídì, kí ẹranko lè fi wákàtí wá ohun tí ì bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n tún ń gbin igi sáàárín àlejò àti ẹranko, wọ́n á dá ihò kéékèèké sí i táwọn èèyàn á máa yọjú níbẹ̀. Àlejò lè wá kí ó má rí ẹranko rárá lọ́jọ́ náà, inú á bí i, á ní wọ́n gba owó òun lásán, ìyẹn ló ń fà á táwọn kan kò fi tíì ṣe é.

Ta ló yẹ kó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọgbà inú ìlú ti gbà pé àwọn ẹranko kan ju agbára wọn lọ. London kó erin ẹ̀ lọ sí Whipsnade, ọgbà tó fẹ̀ ní ìgbèríko, ní 2001, Detroit kó tiẹ̀ lọ sí ibùdó ìsinmi ẹranko ní California ní 2005. Ti Islamabad ní Pakistan, ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ ẹ̀ ní 2020: Kaavan, akọ erin tó ti wà níbẹ̀ láti 1985, tó wá dá wà lẹ́yìn tí ìkejì ẹ̀ kú, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Cambodia.

Ẹranko kékeré ló bá ilẹ̀ kékeré mu. Àpẹẹrẹ tó dáa ni ìgbín Partula ti àwọn erékùṣù Polynesia. Ìgbín apẹranjẹ kan tí wọ́n kó wá síbẹ̀ láwọn ọdún 1970, kó lè máa pa ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfríkà tó ń ba oko jẹ́, òun ló jẹ wọ́n run, iye tó ṣẹ́ kù sì ń gbé nínú àpótí gílásì láwọn zoo, nínú yàrá tí kò ju ilé ìdáná lọ. Láti 2015 ni wọ́n ti ń dá wọn padà sínú igbó. Ká sọ tòótọ́, àlejò kì í tò síwájú ìgbín.

Àwọn kan ti wá pa ọgbà inú ìlú tì pátápátá. Ti Bristol ní Britain, tó ṣí ní 1836 lórí ilẹ̀ éékà 12, ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní 2022, wọ́n kó lọ síbi tó fẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Costa Rica ti èyí tó wà nínú San José ní 2024. Pé wọ́n ti ọgbà pa ò wá sọ pé gbogbo ẹranko á kúrò lọ́jọ́ kejì o, torí èyí tó ti dàgbà sínú kéèjì ò ṣeé tú sígbó, ibùdó tó lè gbà á ò sì pọ̀. Buenos Aires ti zoo ẹ̀ ní 2016, ó sì di 2019 kí Sandra, ìnàkí orangutan tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ti sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́, tó rí ọ̀nà lọ sí Florida.