Ìdí tí iná fi ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà

Bí gíríìdì, ìyẹn àkójọ wáyà àti ibùdó apèsè-iná tó so orílẹ̀-èdè pọ̀, bá wó, tí iná lọ láti Èkó títí dé Kánò, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ẹni ni pé nǹkan ńlá kan ló bàjẹ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iná ẹlẹ́tíríìkì kò dà bí omi inú táǹkì. Èyí tí wọ́n ń pèsè ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ bá èyí tí aráàlú ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an dọ́gba. Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣọ́ èyí fún Nàìjíríà, nọ́ńbà tí ojú wọn kì í sì í kúrò lára rẹ̀ ni 50, iye ìgbà tí iná gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibùdó apèsè-iná Egbin tó ń lo gáàsì, ti Kainji tó ń lo omi, ìlù kan náà ni ẹ̀rọ gbogbo wọn ń jó sí. Bí ẹrù, ìyẹn iná tí aráàlú ń fà, bá wúwo jù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á máa wọ́. Bí líìnì ńlá kan bá já, tí ẹrù fúyẹ́ lójijì, wọ́n á máa sáré. Méjèèjì ló lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ tó ń yọ ọ́ kúrò lórí líìnì kó tó bàjẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ̀rọ tó yọ gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n orí àwọn tó kù ni ẹrù rẹ̀ bọ́ sí. Èyí tí kò lè gbé e nínú wọn á tún yọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, wáyà ńlá kan gbóná nítorí iná tó ń gbé, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó sì kan igi tí wọn kò gé. Ẹ̀ṣọ́ tó wà fún wáyà náà pa á. Iná rẹ̀ yà sí àwọn wáyà mìíràn, àwọn náà gbóná, wọ́n tẹ̀, wọ́n kan igi. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ti dákẹ́, wọn ò sì mọ̀. Nígbà tó ṣe, wáyà kan tí igi kankan kò kàn tún kú: ẹrù orí rẹ̀ pọ̀ débi pé lójú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé wáyà ti kan ara wọn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìgbà náà, ibùdó apèsè-iná tó lé ní 250 ti yọ, iná sì lọ mọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Òótọ́ ni pé igi àti kọ̀ǹpútà jẹ̀bi, àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ ló sọ ọ̀ràn Ohio di ti orílẹ̀-èdè méjì.

Gbígbé gíríìdì dìde tún nira ju bí a ṣe rò lọ, torí ibùdó apèsè-iná fúnra rẹ̀ nílò iná kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lo omi ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jí, torí ìba iná díẹ̀ ló tó wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi àdúgbò kún un díẹ̀díẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ kánjú: ní àdúgbò tí iná ti lọ fún wákàtí mélòó kan, gbogbo firíìjì ti gbóná, gbogbo táǹkì omi ti gbẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò sì pa swíìṣì wọn. Bí iná bá dé, gbogbo rẹ̀ á mu ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ju bí wọ́n ṣe ń mu ún kó tó lọ.