Fíríìjì inú ọkọ̀ RV àti iná rẹ̀

RV ni ọkọ̀ tí a kọ́ bí ilé, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná. Ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ fíríìjì inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé: ooru ni wọ́n fi ń mú nǹkan tutù, wọn kò sì ní mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè jẹ gáàsì tàbí iná mànàmáná, èyí tó bá wà nílẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Stockholm, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní 1922. Ammonia (kẹ́míkà kan tó ń ta nímú), omi àti hydrogen (irú afẹ́fẹ́ kan) ni wọ́n dé mọ́ inú páìpù rẹ̀. Iná á se omi àti ammonia nísàlẹ̀. Ammonia á di afẹ́fẹ́, á gòkè, á tutù, á di olómi. Bó bá pàdé hydrogen, á tún gbẹ di afẹ́fẹ́, gbígbẹ yẹn ló ń fa ooru kúrò nínú fíríìjì. Omi á gbà á padà, wọ́n á jọ ṣàn wálẹ̀.

Ṣíṣàn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi á dúró sójú kan, ibi tí iná ti ń sè é á gbẹ, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà á sì lè dì, kó dí páìpù pa. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, mímì rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òórùn tó ń ta nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ sábà máa ń jẹ́ àmì pé ammonia ń jò. Kí a pa fíríìjì, kí a ṣí fèrèsé.

Ibi tí iná ti ń wá

Lórí iná 120 fóltì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ nǹkan bí 300 wáàtì, kò tó áńpìà 3. Lórí bátìrì 12 fóltì, ooru kan náà á gba áńpìà 25, nítorí náà ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló dára láti lò ó. Gáàsì pàápàá kì í dá ṣe é: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tuntun nílò iná bátìrì díẹ̀ fún bọ́ọ̀dù tó ń darí wọn. Bátìrì lè kú, kí ọlọ́kọ̀ máa rò pé gáàsì ló tán.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpìà 30 ní ihò mẹ́ta, 120 fóltì. Ti áńpìà 50 ní mẹ́rin. Àṣìṣe tó burú jù máa ń ṣẹlẹ̀ nílé: oníná tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpìà 30 yìí, ti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ni, á fa 240 fóltì sí i. Ohun tó ń jẹ 300 wáàtì á wá máa jẹ 1,200. Mítà tó ń wọn fóltì ni a fi ń wò ó kí a tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Bí wáyà tó lọ sí ilẹ̀ bá já, ara ọkọ̀ lè gbé iná, kó sì gbá ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí koríko tútù mú.