Ẹ Má Fi Fáìlì Pamọ́ Nígbà Tí Ẹ Bá Rí Àmì Ìbéèrè

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ìwé Yorùbá wá fún mi láti tò fún ìtẹ̀jáde ni ó máa ń fi ẹ̀sùn kan náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: pé kọ̀ǹpútà kò fẹ́ èdè Yorùbá, pé èdè òyìnbó nìkan ni wọ́n ṣe é fún, pé ohun tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn tẹ̀ lálẹ́ ti di rúdurùdu kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí gbogbo lẹ́tà àti àmì tí a fi ń kọ Yorùbá ti ní nọ́ńbà nínú Unicode, ètò tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, UTF-8 tí a fi ń kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì sì ti wà láti ọdún 1992. Bí lẹ́tà yín bá dàrú, ènìyàn ni ó dà á rú.

N kò ní ṣàlàyé bí a ṣe ń fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí ẹ̀rọ. Windows ní in, Gboard orí fóònù náà ní in, ẹni tí ó bá sì lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù yóò rí i fúnra rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni ètò tí ẹ fi ń kọ̀wé. Bí Notepad ni ẹ ń lò, ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ Encoding sí nígbà tí ẹ bá yan Save As, kí ẹ sì rí i dájú pé UTF-8 ni ó wà níbẹ̀; láti ọdún 2019 ni Notepad inú Windows 10 ti ń yan èyí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ANSI, ètò àtijọ́ tí kò ní gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ni ti àtẹ̀yìnwá máa ń yàn, ẹ̀rọ àtijọ́ sì ṣì pọ̀ nígboro. Nínú VS Code, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ohun tí ó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ UTF-8, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Reopen with Encoding. Ẹni tí ń lo Vim yóò kọ set encoding=utf-8 àti set fileencoding=utf-8 sínú vimrc, fáìlì tí Vim máa ń kà nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ní ti Excel, ẹ má ṣe tẹ fáìlì CSV (àtẹ tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán) lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i: ẹ gba ojú Data wọlé, kí ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ sì mú 65001, tí í ṣe nọ́ńbà UTF-8.

Àwọn tí n kò lè mú ọ̀rọ̀ wọn mọ́ra ni àwọn tí ń pe ara wọn ní ẹnjiníà kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé fọ́ǹtì Yorùbá ni ó kù tí yóò rà. Fọ́ǹtì ni aṣọ, nọ́ńbà inú fáìlì ni ara tí ó wọ̀ ọ́. Ní àkókò tí Unicode kò tíì tàn ká, àwọn kan ya ẹ àti ọ sí ipò tí ó jẹ́ ti àmì mìíràn nínú fọ́ǹtì wọn. Ó dára lójú lórí ẹ̀rọ tí ó ní fọ́ǹtì náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fáìlì náà lọ sí ibòmíràn, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an ni yóò hàn, kì í sì í ṣe Yorùbá. Ẹlòmíràn a kọ e lásán, a wá fi Word fa ìlà sí i nídìí. Bí a bá ti da ìwé náà sínú ètò mìíràn, ìlà náà ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn tún wà tí ó ń fi ş àwọn ará Tọ́kì rọ́pò ṣ tiwa nítorí pé wọ́n jọra. Fọ́ǹtì gidi bíi Noto tàbí Charis SIL kò ná yín ní kọ́bọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì ju pé kí àmì ohùn jókòó gúnrégé lórí lẹ́tà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ó ká mi lára jù. Nínú Unicode, é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9. Ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì ní í ní, nítorí pé àwọn tí ń bójú tó Unicode kì í gba irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Nítorí náà, a ní láti to nǹkan pọ̀: ẹ àti àmì òkè, tàbí é àti àmì ìdí, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì, kí ti ìdí ṣáájú tàbí kí ti òkè ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn fún lẹ́tà kan tí ojú ènìyàn kò lè fi ìyàtọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ bíi ẹ̀kọ́, tí ó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ méjì, lè wà nínú fáìlì ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún! Ẹni tí ó bá wá ẹ̀kọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè rí díẹ̀, kí ó má rí ìyókù, kí ó sì rò pé òǹkọ̀wé kò lo ọ̀rọ̀ náà rárá. Atọ́ka ẹ̀yìn ìwé yóò pín ọ̀rọ̀ kan sí ojú mẹ́rin. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá. Oògùn rẹ̀ ni NFC, ìlànà tí ó ń sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́rin di ẹyọ kan, ẹ tí àmì òkè tẹ̀lé. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lè ṣe é nípasẹ̀ unicodedata tí ó wà nínú rẹ̀; nínú Vim, ẹ fi kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà, ẹ tẹ ga, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó fi ìlà ìnàró, U+0329, dípò àmì tó-tó, U+0323, nítorí NFC kò ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà, ọwọ́ ni a ó fi tún un ṣe.

Gbogbo èyí ṣeé tún ṣe. Bí ẹ bá ṣí fáìlì tí ẹ di ẹ, tí ṣ sì di ṣ, ẹ má ṣe fòyà: ètò yín ni ó ń fi ojú Windows-1252, èyí tí Notepad ń pè ní ANSI, ka UTF-8, nọ́ńbà inú fáìlì kò sì tíì yí padà. Ẹ pa á dé láìfi pamọ́, kí ẹ tún un ṣí gẹ́gẹ́ bí UTF-8. Ohun tí kò ní àtúnṣe ni kí ẹ fi ìwé Yorùbá pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ANSI. Nígbà náà ni ẹ, ọ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè. Àwọn lẹ́tà bíi à àti é yóò sì kù síbẹ̀, nítorí pé wọ́n wà nínú Windows-1252, èyí ni ó sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ tí wọ́n fi ń rò pé ìwé náà kò bàjẹ́ púpọ̀.

Bàbá àgbà kan gbé iṣẹ́ wá fún mi báyìí rí. Ẹkún ìyàwó àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ni ó kó jọ láti ẹnu àwọn ìyá tí púpọ̀ nínú wọn ti dolóògbé, ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọmọ tí ó gbé e fún pé kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ṣí fáìlì náà, ó yan ANSI, ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un pé àwọn lẹ́tà kan yóò sọnù, ó tẹ OK, ó sì dá flash padà fún bàbá. Nígbà tí bàbá bi í léèrè, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹlòmíràn gbowó lọ́wọ́ bàbá láti pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún un pé àwọn òkú tí ó gba ohùn wọn ni kò fẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí fáìlì náà, mo wo nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 3F, 3F, 3F. Àmì ìbéèrè gidi ni 3F. Kò sí lẹ́tà kankan tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ti di ?m?, ẹbọ ti di ?b?, kò sì sí ẹ̀rọ láyé yìí tí ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ ẹ nínú wọn tàbí èyí tí ó jẹ́ ọ. Àwọn ẹsẹ tí bàbá ṣì rántí ni a tún kọ. Àwọn ìyókù ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé flash fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà mìíràn sí PDF kí a lè fi ojú wò ó. Bí ẹ bá ti rí àmì ìbéèrè nínú ìwé yín, ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà àtijọ́ nínú ímeèlì, nínú fóònù àti nínú ẹ̀rọ tí ẹ ti kọ́kọ́ kọ ọ́, kí ẹ tó gbé e tọ ẹnikẹ́ni lọ.