Oúnjẹ oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ló ń pinnu bí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe máa rí

Lórí tábìlì alápatà kan náà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọ̀rá ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ kan lè funfun, kó le, kí ọ̀bẹ gé e geerege. Ti èkejì á máa yọ́ mọ́ni lọ́wọ́, á pọ́n díẹ̀, awọ rẹ̀ á sì máa ṣí kúrò lára ẹran. Irú ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Irú ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú agbada oúnjẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Nínú àpòlúkù màlúù, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín máa ń yí òróró oúnjẹ padà kó tó wọ ara, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá màlúù kì í fi í tètè rọ̀. Ikùn kan ṣoṣo ni ẹlẹ́dẹ̀ ní bíi tèèyàn. Òróró tó bá jẹ, bó ṣe wà gan-an ló ń lọ jókòó sábẹ́ awọ. Èyí tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe láti inú àgbàdo àti pákí yàtọ̀: oríṣi èròjà ọ̀rá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní palmitic, stearic àti oleic ló pọ̀ nínú rẹ̀. Palmitic kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 63°C. Linoleic, oríṣi èròjà ọ̀rá mìíràn, ni ara ẹlẹ́dẹ̀ kò lè ṣe rárá. Inú oúnjẹ nìkan ló ti ń wá, ó sì ń yọ́ ní nǹkan bíi –5°C. Bó bá ti ju 15 lọ nínú 100 ọ̀rá ẹ̀yìn, ọ̀rá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti fẹ́ tó pa ń jẹ nǹkan bíi kílò 2.5 lójúmọ́. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ àgbàdo, linoleic bíi gíráàmù 27 ló wà níbẹ̀, torí òróró àgbàdo kò ju bíi 4 nínú 100 lọ. Bí wọ́n bá fi sóyà yíyan odindi kílò 15 sínú ọgọ́rùn-ún kílò oúnjẹ, sóyà yẹn nìkan á fi bíi gíráàmù 38 kún un, ó di 65. Kò sì yẹ kó ju nǹkan bíi 40 lọ. Bí wọ́n bá fi sóyà tí ilé iṣẹ́ ti fa òróró rẹ̀ rọ́pò odindi yẹn, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 30.

Èèpo pákí láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí dára gan-an fún ọ̀rá líle, nítorí òróró inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí wọ́n sá a títí yóò fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ kí oró rẹ̀ lè lọ, kí wọ́n sì wá amúaradàgbà kún un, torí kò ní tó. PKC, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún àdín lára ẹkùrọ́, náà ń mú ọ̀rá le, torí àdín díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ju kílò 25 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, èèhá rẹ̀ á dín ìdàgbà kù. BDG, ìyẹn ọkà gbígbẹ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá pọn bíà, ló ń tan èèyàn jẹ: ó rí bí èèrí lásán, àmọ́ linoleic ló pọ̀ jù nínú òróró rẹ̀. Kajú tí àwọn oníṣòwò ṣà sọnù ń kó òróró tó súnmọ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Oleic ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rá á rọ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè kan bíi ti sóyà. Èèpo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé o, omi inú rẹ̀ ń jó ẹnu àti ọ̀fun.

Kò pọn dandan láti lé oúnjẹ olóròóró jìnnà sí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbà tó bá ti tó kílò 60 ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé kílò 95, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ọ̀rá líle tuntun á sì bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó, torí ọ̀rá tó ti wà nílẹ̀ kì í yára jáde. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò lákòókò yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹran á máa rùn ẹja.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni fífi ebi pa ẹlẹ́dẹ̀ kí ọ̀rá rẹ̀ lè dínkù. Ọ̀rá á dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dínkù, òróró oúnjẹ á wá gba ipò iwájú, ìwọ̀nba tó kù á sì rọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rá rírọ̀ burú fún ara. Ìpamọ́ ni ìṣòro rẹ̀, pàápàá níbi tí iná kì í dúró: ó máa ń kan kódà nínú fìríìsà. Fítámì E bíi mílígíráàmù 200 nínú kílò oúnjẹ kan, láti bí oṣù kan kí wọ́n tó pa á, máa ń dá èyí dúró díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀rá wò, kó jẹ́ kí ẹran sùn nínú òtútù mọ́jú ná, kó wá fi àtàǹpàkò tẹ ìpele tó kan awọ, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀. Ti ẹ̀bá kíndìnrín máa ń le ju ti ẹ̀yìn lọ nígbà gbogbo, kò lè sọ òótọ́ nípa ìyókù.